Àkèré Tí Kì Í Bímọ Sínú Omi: Ọ̀rọ̀ Lórí Coquí ti Puerto Rico

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹranko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kéré púpọ̀: akọ rẹ̀ sábà máa ń gùn tó mílímítà 34, abo sì máa ń tó 41. Coquí ni àwọn ará Puerto Rico ń pè é, nítorí pé bí ó ṣe ń ké nìyẹn; láti ọdún 1966 ni àwọn onímọ̀ ẹranko sì ti ń pè é ní Eleutherodactylus coqui. Erékùṣù Puerto Rico, nínú òkun Káríbíà, ni orírun rẹ̀. Kò ní awọ láàárín ìka ẹsẹ̀ bí àkèré odò. Orí ìka rẹ̀ ló fẹ̀, tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ewé àti èèpo igi nígbà tí ó bá ń gun igi lálẹ́ láti wá kòkòrò jẹ.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa rẹ̀, tí ìyókù ọ̀rọ̀ mi sì dúró lé, ni pé kò nílò adágún tàbí odò láti bímọ. Ọ̀pọ̀ àkèré ń yé ẹyin sínú omi, ọmọ á sì kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìrù kí ó tó hu ẹsẹ̀. Ti coquí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ewé gbígbẹ tí ó ká jọ, tàbí ìtẹ́ tí ẹyẹ ti fi sílẹ̀, ni abo ń yé ẹyin bí i 28 sí, inú ẹyin náà gan-an ni ọmọ sì ti ń ní apá àti ẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá jáde lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àkèré kékeré ni, kì í ṣe ọmọ inú omi. Baba ni ó ń sàba. Ó ń fi ara rẹ̀ bo ẹyin kí ó má baà gbẹ, ó sì ń lé àwọn akọ mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Akọ nìkan ni ó ń ké “coquí”. Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Peter Narins àti Robert Capranica fi hàn pé igbe náà ní iṣẹ́ méjì: “co”, tí ó lọ sílẹ̀, ni àwọn akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fetí sí gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, “qui”, tí ó ga, ni ó sì ń fa abo wá, etí akọ àti etí abo pàápàá kò gbọ́ ohùn méjèèjì bákan náà. Lójú tèmi, ìwádìí yìí wà lára èyí tí ó lẹ́wà jù lọ nípa ohùn ẹranko. Narins tún fi ohùn àwọn coquí orí El Yunque, òkè kan ní Puerto Rico, ti àwọn ọdún 1980 wé ti ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà. Èsì rẹ̀, tí òun àti onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Meenderink, tẹ̀ jáde ní 2014, fi hàn pé igbe náà ti kúrú sí i, ó sì ti ga sí i, bí ooru ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Bíbí láìsí odò yìí náà ni ó gbé e ré kọjá òkun. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó bá òdòdó inú ìkòkò dé Hawaii, àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà nínú òkun Pàsífíìkì, níbi tí kò sí àkèré ìbílẹ̀ kankan. Ilẹ̀ tútù inú ìkòkò tó o láti bímọ. Ó pọ̀ níbẹ̀ débi pé ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn kan sùn, wọ́n sì ń fi omi gbígbóná àti ásíìdì sítíríìkì, irú èyí tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, gbógun tì í.

Síbẹ̀, ẹyin tí kò sí nínú omi kò lè fara da ọ̀dá. Àwọn àkèré náà fúnra wọn a máa kó jọ sí ibi díẹ̀ tí ó ṣì tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí àrùn awọ ara tí Batrachochytrium dendrobatidis, irú olú tín-ín-rín kan tí ojú lásán kò lè rí, ń fà ti lè ràn wọ́n. Coquí ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé àwọn ìbátan rẹ̀ kan ti pòórá: Eleutherodactylus jasperi, tí kì í yé ẹyin rárá bí kò ṣe pé ó ń bí ọmọ láàyè, ni a rí kẹ́yìn ní 1981. Ní 2005 ni onímọ̀ ẹranko Neftalí Ríos-López rí ìbátan mìíràn, Eleutherodactylus juanariveroi, nínú irà kan ní Toa Baja, ìlú kan ní Puerto Rico. Ewé ewéko irà kan ṣoṣo, Sagittaria lancifolia, ni a mọ̀ pé ó ń yé ẹyin sí, nítorí náà bí a bá fa omi irà yẹn gbẹ láti kọ́lé, kò ní ibòmíràn tí yóò yé ẹyin sí.