Nígbà tí akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé bá kúrò lórí tẹlifíṣàn, tó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá.

Ẹnì kan wà tí ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣàn lálaalẹ́. Òun ló ń sọ fún yín pé owó èlé ti gòkè, pé ìpín ìdókòwò iléeṣẹ́ kan ti já wálẹ̀, pé gbèsè ìjọba ti pọ̀ sí i. Ṣàdédé, ẹ ò rí i mọ́. Nígbà tí ẹ óò fi gbúròó rẹ̀, orí fóònù yín ló wà, ó ti dá iléeṣẹ́ ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà. Èmi gbà pé ohun tó yí padà jù lọ ni ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ náà, òun sì ni mo fẹ́ ká tú palẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí CNN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1980, Lou Dobbs wà níbẹ̀. Òun ni atọ́kùn Moneyline, ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ńláńlá máa ń jókòó tì. Lóṣù kẹfà ọdún 1999, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó gbájú mọ́ Space.com, ìkànnì tó ń ròyìn òṣùpá, ìràwọ̀ àti àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí òfuurufú. Ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà ni ìkànnì ọ̀hún ṣí, ọjọ́ tó pé 30 ọdún géérégé tí ọmọ ènìyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Sally Ride, obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé òfuurufú, wá di ààrẹ iléeṣẹ́ náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ tó wuyì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àsìkò tó bọ́ sí. Àwọn olùdókòwò ń da owó sí iléeṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, wọn ò wẹ̀yìn wò. Lóṣù kẹta ọdún 2000, òṣùwọ̀n Nasdaq, tó ń fi bí iye owó ìpín ìdókòwò ṣe ń lọ sókè sódò hàn, tí iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì pọ̀ sí jù, gun òkè 5,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2002, nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 rẹ̀ ti wọmi. Àwọn iléeṣẹ́ tuntun tó ń ra ìpolówó kógbá sílé, owó ìpolówó sì gbẹ mọ́ àwọn ìkànnì lọ́wọ́. Lọ́dún 2001, Dobbs padà sí CNN, ó tún jókòó sórí àga Moneyline.

Mi ò ka ìpadàbọ̀ yẹn sí ìtìjú rárá. Dobbs kú lọ́dún 2024, Space.com ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kó mú wa ronú ni pé ẹni tó ń ṣàlàyé ọjà fún Amẹ́ríkà lójoojúmọ́ ló jáde sínú ọjà nígbà tó kù díẹ̀ kó dà wó. Mímọ ìròyìn òwò sọ kò túmọ̀ sí pé èèyàn mọ bí yóò ṣe rí owó oṣù òṣìṣẹ́ san.

Lórí tẹlifíṣàn, akọ̀ròyìn kì í sábà mọ iye tí wọ́n ta àsìkò ìpolówó tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka mìíràn ló ń tà á. Oṣù parí, owó wọlé. Bó bá ti dá dúró, òun gan-an ni ẹ̀ka náà. Lórí YouTube, ó gbọ́dọ̀ ní ènìyàn 1,000 tó forúkọ sílẹ̀ láti máa tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì ti fi wákàtí 4,000 wo fídíò rẹ̀ láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo àwọn fídíò kéékèèké rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù 10 láàárín 90 ọjọ́, kí ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wá fún un. Lẹ́yìn náà, nínú 100 tí fídíò gígùn bá pa, 55 ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ìròyìn ló ń tà lórí Substack, ìkànnì tí òǹkàwé ti ń sanwó fún òǹkọ̀wé, ìdá 10 nínú 100 ni ìkànnì náà máa mú, yàtọ̀ sí owó tí iléeṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó lórí káàdì máa yọ.

Owó tó tóbi jù, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ló ti ń wá: báńkì, iléeṣẹ́ adójútòfò, àwọn tó ń ta ìpín ìdókòwò. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀. Àwọn tó lówó láti gbé ètò ọrọ̀ ajé nígbọ̀wọ́ ni àwọn kan náà tí ètò ọ̀hún gbọ́dọ̀ máa yẹ ìwé owó wọn wò. Nínú iléeṣẹ́ ńlá, ògiri wà láàárín yàrá ìròyìn àti àwọn tó ń ta ìpolówó. Nínú iléeṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta, ògiri dà? Ọwọ́ kan náà ló ń gba sọ̀wédowó lọ́sàn-án, tó tún ń kọ̀wé nípa àdánù báńkì yẹn lálẹ́. Àtàwọn òǹwòran náà máa ń rí i. Bí wọ́n bá fura lẹ́ẹ̀kan pé ẹnu rẹ̀ ti di, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ tẹ̀ lé e láti orí tẹlifíṣàn ti bọ́ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà tí Govindraj Ethiraj, akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé lórí tẹlifíṣàn, gbà ní Íńdíà. Ó ti ṣiṣẹ́ ní CNBC-TV18, ó sì jẹ́ olóòtú àgbà tó dá Bloomberg UTV sílẹ̀; iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ọrọ̀ ajé ni méjèèjì. Lọ́dún 2011, ó dá IndiaSpend sílẹ̀, iléeṣẹ́ tí kì í ṣe fún èrè, tí owó ìtọrẹ ń gbé ró. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé àwọn nọ́ńbà ìjọba nípa ìlera, ẹ̀kọ́ àti owó ìlú, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì kọ wọ́n lọ́nà tó yé ará ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn ni BOOM, tó ń tú irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fó, tó sì bá Facebook ṣiṣẹ́ lọ́dún 2018 nígbà ìdìbò ìpínlẹ̀ Karnataka. Nígbà tó yá, ó tún padà sí ìròyìn ọrọ̀ ajé pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìròyìn tó ń jẹ́ The Core.

Ẹ kíyè sí ohun tó kó jáde ní sítúdíò. Kò fi ojú rẹ̀ ṣe ọjà. Ọgbọ́n kíka nọ́ńbà ló mú dání, ìyẹn sì ṣe é kọ́ ẹlòmíràn, kí iṣẹ́ lè máa lọ bí òun kò bá sí níbẹ̀. Owó ìtọrẹ náà ní ìṣòro tirẹ̀, torí ẹni tó ń tọrẹ lè dáwọ́ dúró nígbàkigbà.

Ohun kan ṣẹ́ kù, àwọn akọ̀ròyìn tó ń wò wá ni mo ń bá wí. Kí ẹ tó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹ mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín lọ bá lọ́yà. Iléeṣẹ́ ló sábà máa ń ni gbogbo fídíò tí ẹ ti ṣe, àní ojú ìwé tí àwọn èèyàn fi ń tẹ̀ lé yín lè jẹ́ tiwọn bó bá jẹ́ orúkọ wọn ló wà níbẹ̀. Àdéhùn mìíràn tún ní ìlà kan tó ní ẹ kò gbọdọ̀ bá wọn du òwò fún oṣù mélòó kan. Ẹ wá ìlà yẹn rí kí ẹ tó háyà ẹnikẹ́ni.