Iná Núkílíà: Ọ̀rọ̀ Omi àti Wáyà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Bí wọ́n bá ti dárúkọ iná núkílíà, ohun tí gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé kò ní bú gbàmù. A ó dé orí ìyẹn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ omi àti wáyà ló yẹ kó ṣíwájú.

Omi gbígbóná náà ni gbogbo rẹ̀. Hóró uranium kan kò ju orí ìka lọ, ó wọn bíi gíráàmù 7, ooru inú rẹ̀ sì tó ti èédú tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n ń to hóró yìí sínú ọ̀pá irin tí wọ́n ń pè ní zirconium, tó gùn tó mítà 4. Ọ̀pá 264 ló ń di ìdì kan, rìákítọ̀ ńlá kan, ìyẹn ìkòkò irin tí uranium ti ń mú ooru jáde, sì lè gba ìdì 193. Omi tó ń gba àárín wọn gbóná tó 320 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé kò lè hó. Ó ń gba inú páìpù kọjá láàárín omi mìíràn, omi kejì yìí ló ń hó, tí èéfín rẹ̀ ń yí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ń yí láti mú iná wá. Ní Ikogosi, omi gbígbóná àti omi tútù pàdé. Níhìn-ín, wọn kò gbọdọ̀ pàdé láéláé.

Nínú ooru mẹ́gáwáàtì 3,000 tí irú rìákítọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú jáde, nǹkan bíi 1,000 ló ń di iná. Omi ló ń gbé ìyókù lọ. Bí wọ́n bá lo ilé ìtutù, omi tó ń fẹ́ lọ sójú ọ̀run láàárín wákàtí kan tó tánkà 75, èyí tó ń gba lítà 33,000. Ìgèdè ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, orísun odò ni ilẹ̀ wa, ẹ̀yin náà sì mọ bí odò wa ṣe máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abájọ tó fi jẹ́ Geregu, létí odò Ọya ní Kogí, àti Itu ní Akwa Ibom ni wọ́n ti dárúkọ rí fún iléeṣẹ́ iná núkílíà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé wọ́n kọ́ ọ sí Geregu. Wáyà ńkọ́? Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà ni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo gíríìdì lọ. Gíríìdì Nàìjíríà sábà máa ń gbé mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000. Bí ẹ̀rọ 1,000 bá kú lójijì, ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ nìyẹn. Iye ìgbà tí iná ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó yẹ kó jẹ́ 50, á já wálẹ̀, àwọn ẹ̀rọ yòókù á pa ara wọn kí wọ́n má baà bàjẹ́, gíríìdì á sì wó. Ẹ̀yin náà mọ èyí.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí èèyàn bá yọ igi lábẹ́ ìkòkò iṣu, ẹyin iná ṣì ń sè é. Rìákítọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ṣì ń mú ooru tó bíi mẹ́gáwáàtì 200 jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ kan ó ku bíi 15, síbẹ̀ ìyẹn lè hó omi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gbẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Pọ́ǹpù tó ń da omi lé e gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, iná ìta, ìyẹn ti gíríìdì, ló sì yẹ kó máa gbé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima, ní Japan, lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 2011 nìyẹn. Ilẹ̀ mì, rìákítọ̀ kú bó ṣe yẹ, iná ìta lọ, jẹnẹrétọ̀ díísù gbà á. Kò pé wákàtí kan tí omi òkun fi dé tó bo àwọn jẹnẹrétọ̀ náà nísàlẹ̀ ilé. Rìákítọ̀ mẹ́ta yọ́. Gáàsì hydrogen tó jáde nígbà tí zirconium gbígbóná pàdé èéfín omi ló bú gbàmù. Kì í ṣe uranium ló bú: irú uranium tó ń mú agbára wá kò ju bí ìdá 5 nínú 100 lọ nínú hóró rìákítọ̀, ìyẹn kò sì lè ṣe bọ́ǹbù. Ti Chernobyl, ní Ukraine, lọ́dún 1986 yàtọ̀: bí omi irú rìákítọ̀ yẹn bá ń di èéfín, ńṣe ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Àwọn rìákítọ̀ kékeré wà o. Ọkọ̀ ojú omi Akademik Lomonosov ní Rọ́ṣíà gbé méjì, mẹ́gáwáàtì 35 sí 35, ó sì ti ń fún ìlú Pevek níná láti oṣù Kejìlá, ọdún 2019. Bí irú èyí bá kú, gíríìdì wa kò ní mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́, alábẹ̀wò àti ẹnjiníà tó ń fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ìdí nìyí tí owó tó ń lọ sórí mẹ́gáwáàtì kọ̀ọ̀kan fi máa ń pọ̀. Rìákítọ̀ tí a ní ní Zaria láti 2004, ti ìwádìí ni: kìlówáàtì 30, ooru lásán, kò tan gílóòbù kankan.