Ìdí Tí Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Fi Lè Mú Ẹsẹ̀ Wú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ yìí. Ìrọ̀lẹ́ ni, màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Wọ́n ti bọ́ bàtà, àmọ́ ojú okùn rẹ̀ ṣì wà lára wọn gbàgà. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn díẹ̀, mo gbé ọwọ́ kúrò, ibẹ̀ ṣì jìn kòtò. Omi ló wà níbẹ̀.

Ará ilé ní wọ́n ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n nípa oògùn, amlodipine ni wọ́n ń lò sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mílígíráàmù 5 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di 10 ni.

Oògùn yìí máa ń dẹ iṣan kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá, ohun tó ń mú BP wálẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn ló ń dẹ̀ dáadáa, èyí tó ń gbé e padà lọ kì í dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọjà tí ẹnu àbáwọlé rẹ̀ fẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ há: èrò á há mọ́ àárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kún àwọn iṣan wẹ́ẹ́wẹ́ àárín, tí omi rẹ̀ á wá máa jò sínú ẹran ara. Ìsàlẹ̀ lomi sì ń wá, pàápàá lára ẹni tó dúró láti àárọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n fi 10 dánwò, bíi 11 lara wọn wú; ti 5, bíi 3. Ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó sáré lọ ra Lasix, oògùn tó ń mú kéèyàn tọ omi ara dànù, ní kẹ́míìsì. Omi ò pọ̀ jù lára wọn, ibi tí kò yẹ ló jò sí. Wọ́n á kàn máa tọ̀ ni, potassium, èròjà kan tí ara nílò, á sì máa bá a lọ. Èyí tó tún burú jù ni kéèyàn pa oògùn tì. Ẹsẹ̀ á fọn lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ á tún ru, rọpárọsẹ̀ kì í sì í ránṣẹ́ kó tó dé.

Dókítà ni kẹ́ ẹ padà lọ bá. Ó lè dá a padà sí 5, tàbí kó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, bíi losartan tàbí lisinopril, kún un. Àwọn yẹn ń dẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà, àbájáde ọjà á fẹ̀ díẹ̀. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú bí ẹ bá ń lo diclofenac tàbí ibuprofen sí ara ríro, torí ìyẹn ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó sì ń ro yín, tàbí tí èémí ń há, tí ẹ ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tàbí tí ètè àti ahọ́n ń wú lẹ́yìn tẹ́ ẹ lo lisinopril, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín o. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ kó gbogbo páálí oògùn yín dání.