Bí a ṣe ń fi SKIRT tọpasẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí eruku gbé mì nínú gálásì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo gálásì (àgbájọ ìràwọ̀) NGC 891 lójú kọ̀ǹpútà mi yìí, ẹ̀gbẹ́ ló kọ sí wa. Ìlà dúdú tó gba àárín rẹ̀ kọjá yẹn, ìràwọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Eruku ló bò wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tí eruku yẹn gbé mì kò ṣègbé. Ó ń mú eruku gbóná dé nǹkan bí 20 kelvin, òtútù nini lójú tiwa, síbẹ̀ ó tó kí eruku fi tú u jáde ní infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí.

SKIRT la máa lò, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé ìrìn ìmọ́lẹ̀ nínú eruku, iṣẹ́ àwọn ará Yunifásítì Ghent ní Belgium, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ skirt, kẹ́ ẹ sọ fáìlì yín lórúkọ. Èmi pe tèmi ní eruku.ski. Á wá máa bi yín léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tó bá kan simulation mode (irú iṣẹ́ tí SKIRT máa ṣe), ẹ fara balẹ̀. Nínú ExtinctionOnly, eruku á máa gba ìmọ́lẹ̀ láìtú nǹkan kan jáde. Mo yàn án nígbà kan, mo fi odidi òru wá infrared tí n kò rí. DustEmission ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ fi scale height (bí àwo ṣe nípọn tó) ti ìràwọ̀ sí 0.35 kiloparsec (ìwọ̀n jíjìnnà lójú ọ̀run), ti eruku sí 0.25. Àwo eruku gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ìràwọ̀ lọ kí ìlà dúdú yẹn tó yọ dáadáa.

Àpò ìmọ́lẹ̀ ńkọ́, ìyẹn ìdì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí SKIRT ń rán jáde? Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000,000. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti gbéra lára ìràwọ̀, kọ̀ǹpútà á mú nọ́ńbà fún un bí ẹni ju dáìsì lúdò, ìyẹn ló máa sọ ibi tó ti máa kan eruku. Níbi tí optical depth (bí eruku ṣe dí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tó) bá ti jẹ́ 1, nǹkan bí 37 nínú 100 ló ń là á já. Àwọn tó kù, eruku á gbé wọn mì, tàbí kó darí wọn síbòmíràn. Bí àwòrán bá ń ṣe wínníwínní, ìlọ́po mẹ́rin àpò lẹ máa nílò kí wínníwínní náà tó dín sí ìdajì.

Ẹ gbé instrument méjì (bíi kámẹ́rà tó ń wo gálásì) kalẹ̀: inclination (igun tí a ti ń wò ó) 0 láti òkè, 90 láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ dáhùn yes sí record components, kó lè ya oríṣi ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀. Ó yá, ẹ tẹ skirt eruku.ski.

Ó ti parí. Ẹ ṣí fáìlì SED méjèèjì, tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó ní ìgùn ìgbì kọ̀ọ̀kan hàn. Òpó transparent ni bí gálásì ì bá ṣe rí ká ní kò sí eruku. Ẹ fi wé total, ìyẹn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa gan-an. Láti ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ búlúù ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Láti òkè, díẹ̀ ló dín. Ẹ wá wo gegele tó yọ láàárín 100 sí 200 micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni micron kan). Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú méjèèjì! Infrared ń gba inú eruku kọjá wẹ́rẹ́, gbogbo ìhà ló sì ń gbà jáde. Torí náà, ẹ má ṣe fi igun kan ṣoṣo ṣírò ohun tí eruku gbà. Láti ẹ̀gbẹ́, ohun tó sọnù á pọ̀ ju ohun tó padà wá lọ, ẹ ó sì rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣì í.

Ẹ fi instrument kẹta sí 60, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gegele yẹn máa yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀.