Galena àti Ọ̀gágun Rẹ̀: Bí Ìwé Ìròyìn Ìlú Kékeré Ṣe Tẹ̀lé Ogun Grant

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Ìlú Galena wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, òjé tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni ìlú náà sì ti gba orúkọ. Ìwé ìròyìn ìlú náà, Galena Gazette, ti wà láti ọdún 1834. Nígbà tí ogun abẹ́lé láàárín ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó fẹ́ yà kúrò bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1861, kò sí ẹni tó lè rò ó pé ọkùnrin kan tó ń ta awọ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ni yóò di olórí gbogbo ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kí ogun tó parí. Ulysses S. Grant ni ọkùnrin náà.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bí ogun tó ń lọ ní ọ̀nà jíjìn ṣe ń di ìròyìn ní ìlú kékeré, àti ìdí tí ìwé ìròyìn ìlú ẹni fi máa ń rí ohun tí ti ìlú ńlá kò rí, tó sì tún máa ń ṣòro fún un láti sọ àwọn òtítọ́ kan.

Wọn kò bí Grant sí Galena. Ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1822. Ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ológun West Point ní 1843, ó sì fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1854. Ọdún 1860 ni ó tó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Galena láti bá àwọn àbúrò rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nǹkan bí ọdún kan péré ni ó ti lò níbẹ̀ nígbà tí ogun dé, àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa kò sì pọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ará ìlú pàdé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861 láti kó ọmọ ogun jọ, òun ni wọ́n fi ṣe alága, nítorí pé ó ti jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun rí. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ogun gan-an ni ó sọ àlejò yìí di ọmọ ìlú.

Ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni Gazette ń tì lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìgbà náà ṣe máa ń fara mọ́ ẹgbẹ́ kan láìfi pa mọ́. Elihu B. Washburne, aṣòfin tó ń ṣojú Galena ní Washington, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni, òun sì ni ó tì Grant lẹ́yìn tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀gágun ní oṣù kẹjọ ọdún 1861. Nítorí náà, ẹni tó bá yin Grant ní Galena ti yin Washburne pẹ̀lú, ẹni tó bá sì bú u ti fọwọ́ kan ìṣèlú ìlú. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn ìgbà náà lónìí kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Báwo wá ni ìròyìn ṣe ń dé? Wáyà tẹlígíráàfù ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé e dé, ní gbólóhùn kúkúrú tó sábà máa ń ní àṣìṣe nínú. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn ìlú ńlá yóò dé, tí àwọn olóòtú ìlú kéékèèké yóò sì da ọ̀rọ̀ inú wọn kọ. Ojú irin Illinois Central so agbègbè Galena pọ̀ mọ́ Cairo ní ìpẹ̀kun gúúsù ìpínlẹ̀ náà, Cairo yìí kan náà sì ni Grant fi ṣe ibùdó rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1861. Ṣùgbọ́n lẹ́tà àwọn ọmọ ogun ni ọrọ̀ ìwé ìròyìn ìlú kékeré. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ karùndínláàádọ́ta ti Illinois, ìyẹn 45th Illinois tí wọ́n fi ibi ìwakùsà òjé sọ lórúkọ, kún fún àwọn ọmọ agbègbè náà, John E. Smith, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Galena, ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá wọn. Nígbà tí irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ bá kọ̀wé sílé nípa Grant, nípa aládùúgbò ni ó ń kọ̀wé.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1862, Fort Donelson, odi àwọn ọmọ ogun gúúsù ní Tennessee, túúbá fún Grant láìsí àdéhùn kankan, Grant sì mú ọmọ ogun tó lé ní 12,000 ní ẹlẹ́wọ̀n ogun. Orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ojú ogun Shiloh, ní Tennessee kan náà, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ọjọ́ 6 àti 7 oṣù kẹrin ọdún 1862, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó di àwátì ní ìhà méjèèjì lé ní 23,000. Whitelaw Reid, akọ̀ròyìn Cincinnati Gazette, ìwé ìròyìn kan ní Ohio, kọ̀wé pé àwọn ọ̀tá bá àwọn ọmọ ogun Grant lójijì, àti pé inú àgọ́ ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ orí ìbọn gún àwọn kan. Ọ̀rọ̀ nípa ọtí mímu tún gba ìgboro. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ibi tí ẹ̀sùn náà ti gbóná jù: Ohio ni. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ohio kan ti sá ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, àwọn olóṣèlú ibẹ̀ kò sì fẹ́ kí ìtìjú náà já lé àwọn ọmọ wọn lórí. Benjamin Stanton, igbákejì gómìnà wọn, dá Grant lẹ́bi ní gbangba. Ní ìhà Illinois, Washburne dìde ní ilé aṣòfin ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, ó sì gbèjà Grant pátápátá. Kálukú ń gbèjà ọmọ tirẹ̀. Lójú tèmi, a kò lè lóye ìwé ìròyìn ìlú kankan nínú ogun yẹn bí a kò bá mọ̀ pé àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lójú ogun ni òǹkàwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Grant fúnra rẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Washburne ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, ó jẹ́wọ́ pé òun kò lè sọ pé kò dun òun, nítorí pé bàbá, ìyá, ìyàwó àti àwọn ọmọ òun ń ka ohun tí wọ́n ń kọ.

Ní ọdún 1863, Vicksburg, ìlú kan ní Mississippi tí Grant dó tì, tún gbé Galena sún mọ́ ogun. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ odi àwọn ọmọ ogun gúúsù, 45th Illinois ni ó sì ṣíwájú wọ inú kòtò tí ìbúgbàù náà gbẹ́. Jasper Maltby, tí òun náà jẹ́ ará Galena, fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Vicksburg túúbá ní ọjọ́ 4 oṣù keje, wọ́n fún ẹgbẹ́ yìí ní ọlá àtiṣíwájú wọ ìlú. Ìṣẹ́gun ọ̀gágun àti ọ̀fọ̀ ìdílé dé Galena pọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e yàtọ̀. Grant kọjá sí Virginia gẹ́gẹ́ bí olórí gbogbo ọmọ ogun, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 45th ń bá Sherman, ọ̀gágun mìíràn ti ìjọba àpapọ̀, lọ ní Georgia. Ní àsìkò ìjà Wilderness àti Cold Harbor ní Virginia, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójoojúmọ́, àwọn ọmọ ìlú tó lè fojú ara wọn rí ọ̀gágun náà kí wọ́n sì kọ̀wé sílé ti dín kù gan-an. Àwọn ará Galena tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí Rawlins tó jẹ́ agbẹjọ́rò níbẹ̀ àti Ely S. Parker, ọmọ ẹ̀yà Seneca (ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà), inú ọ́fíìsì ọ̀gágun ni wọ́n wà. Parker ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ìwé àdéhùn ìtúúbá Lee, ọ̀gágun gúúsù, kọ ní Appomattox ní Virginia ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1865.

Grant ti sọ nígbà kan pé ipò tó wu òun kò ju kí òun di olórí ìlú Galena lọ, kí òun lè ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti ilé òun dé ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tí ó padà dé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1865, àwọn ará ìlú ti ra ilé bíríkì kan fún un, wọ́n sì ta aṣọ kan sí òkè òpópónà, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: Ọ̀gágun, a ti ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà.