Bessie Smith láyé ìgbà tí wọn ò tíì fi máíkì gba orin sórí àwo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàbọ̀ o. Èmi nìkan ni mo wà ńbí lónìí, torí ọ̀rọ̀ Bessie Smith, olórin blues ará Amẹ́ríkà yẹn, ti kún inú mi. Àwọn àwo ẹ̀ tàkọ́kọ́, 1923 sí 1925, ni mò ń sọ, àwọn tó ń dún ṣàà-ṣàà yẹn, tí ẹlòmíì bá gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀ báyìí á ti pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Wọn ò tíì fi máíkì gba orin sórí àwo nígbà yẹn, ìwo ńlá kan tó fẹ̀ lẹ́nu bí àrọ ni wọ́n máa gbé síwájú olórin, agbára ohùn ẹ̀ ló máa gbọn abẹ́rẹ́ tó ń fín ìlà sára ìda, kò sí iná tó máa bá a gbé ohùn sókè. Níwájú ìwo yẹn ni Bessie dúró sí ní New York, oṣù kejì 1923, Clarence Williams nìkan ló ń tẹ dùùrù fún un, ló bá kọ Downhearted Blues. Alberta Hunter tó wà lára àwọn tó ṣe orin yẹn ti kọ́kọ́ gbé e jáde, àmọ́ ti Bessie ló tà bí nǹkan míì! Kò sì pariwo o. Á mú ọ̀rọ̀ kan, á fà á, á wá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Ojú títì ìlú Chattanooga ló ti ń kọrin láti kékeré, Andrew ọmọ ìyá ẹ̀ á máa ta gìtá, nígbà tó yá ó wá sí Atlanta tí mò ń gbé yìí, ó ń kọrin ní 81 Theatre ní Decatur Street, ó pẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó gbà á sórí àwo.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́kún ni St. Louis Blues, January 1925. Dùùrù àfẹsẹ̀tẹ̀ yẹn, irú ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ni Fred Longshaw ń tẹ̀, bí Bessie bá ti parí ìlà kan, fèrè Louis Armstrong á gbà á lẹ́nu ẹ̀. Àwọn kan ní ṣe ni wọ́n ń bára wọn díje, mi ò gbà, elégbè tó mọṣẹ́ ni Armstrong níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Columbia, iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo ẹ̀ jáde, wá bẹ̀rẹ̀ sí lo máíkì, ohùn wá mọ́ dáadáa, ó dùn lóòótọ́, àmọ́ tìwo yẹn lọkàn mi ṣì wà.

Ẹ fi headphone gbọ́ orin méjèèjì, Downhearted Blues àti St. Louis Blues, kẹ́ ẹ fi voice note ránṣẹ́ sí mi, ẹ sọ ibi tó ti mú yín jù.