Ohun Tó Kúrò Nínú Líìgì Nàìjíríà Láti Ìgbà Rashidi Yekini

Lọ́dún 1993, Rashidi Yekini di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 2023, Victor Osimhen gba oyè kan náà. Atamátàsé ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò jọra rárá. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn, ẹ̀yin olùwòran wa, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà sí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè, pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí líìgì ilé wa.

Ẹgbẹ́ UNTL ti Kàdúná ni Yekini ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1982 láti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ó kọjá sí Abiola Babes lọ́dún 1984, kò sì fi Nàìjíríà sílẹ̀ títí di ọdún 1987, nígbà tí Africa Sports ti ìlú Abidjan mú un. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún dáadáa nígbà náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó dàgbà jù ú lọ ti tì í ṣubú láìmọye ìgbà ní orí pápá ilé wa, ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń dìde tí a sì ń gba bọ́ọ̀lù padà. Osimhen ní tirẹ̀, ọmọ tó dàgbà sí Olúsosùn ní ìlú Èkó, kò gbá ìdíje kan ṣoṣo rí nínú líìgì àgbà wa. Láti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan ní Èkó ló ti lọ síbi ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ ní Chile lọ́dún 2015, ó gbá góòlù mẹ́wàá wọlé níbẹ̀, ẹgbẹ́ Wolfsburg ti Jámánì sì gbà á ní oṣù Kínní ọdún 2017, kété tó pé ọmọ ọdún 18, nítorí pé òfin FIFA kò jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun tètè mú ọmọdé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo gbà gbọ́ rèé: ẹ̀bùn kò tán nílẹ̀ wa. Àwọn ọdún tí ẹ̀bùn fi ń gbó ni kò sí nílé mọ́. Ọmọ tí ì bá lo ọdún mẹ́fà láàárín wa kò lo ọjọ́ kan, líìgì tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́dọọdún kò lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Líìgì orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972, ẹgbẹ́ Mighty Jets ti ìlú Jos ló sì kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní ayò mẹ́ta sódo, a sì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ wo àwọn tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà. Best Ogedegbe ló ń ṣọ́ ilé, Muda Lawal wà láàárín, Felix Owolabi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Ṣẹ́gun Odegbami wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú ẹgbẹ́ Shooting Stars kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá. Odegbami gbá méjì wọlé, Lawal gbá ẹ̀kẹta, Christian Chukwu ti ẹgbẹ́ Rangers ti Enúgu ni balógun wọn. Ará Ìbàdàn tó bá fẹ́ rí Odegbami kò nílò tẹlifíṣọ̀n òkè òkun. Yóò sanwó ìwọlé ní pápá Liberty, yóò jókòó, yóò sì rí i. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, Shooting Stars nìkan ló gbá a fún.

Nítorí pé irú àwọn èèyàn báyìí wà nílé, àwọn ẹgbẹ́ wa kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ní Áfíríkà. Shooting Stars gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ní orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 1976, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Rangers ló gba ife kan náà, Shooting Stars gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní láti borí ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹ rò ó wò: ẹgbẹ́ Nàìjíríà méjì nínú mẹ́rin tó ṣẹ́kù ní gbogbo Áfíríkà.

Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan dára láyé ìgbà náà o. Pápá le, ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀, àwọn tó dàgbà sì máa ń sọ ìtàn dùn ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ, pàápàá nígbà tí kò sí fídíò tó pọ̀ tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ kì í purọ́.

Ohun tó mú kí àwọn ọmọ dúró nílé nígbà náà ni owó. Àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn olówó ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ Leventis ló ni Leventis United ti Ìbàdàn tó gba líìgì lọ́dún 1986, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ni Abiola Babes, ilé ìfowópamọ́ ló ni New Nigeria Bank, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́lé tó sì ń ṣe ọ̀nà ló ni Julius Berger. Agbábọ́ọ̀lù lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà, kí ó máa gba owó oṣù bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti ọdún 1986 lọ, owó oṣù yẹn kò lágbára mọ́. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń yọ ọwọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń gba àwọn ẹgbẹ́ sọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí ìjọba bá sì ni, owó rẹ̀ kì í wá lásìkò nígbà gbogbo, gómìnà tuntun sì lè má fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Ọdún 1990 ni a sọ líìgì di ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Iwuanyanwu Nationale ti Owerri ló gbà á lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. BCC Lions ti Gboko gba ife tí Shooting Stars àti Rangers ti gbà rí lọ́dún 1990, Shooting Stars gba ife CAF, ìdíje mìíràn fún àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 1992 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, lọ́dún 1996 sì ni wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ́ olúborí ní orílẹ̀-èdè wọn, tó jẹ́ pé pẹnáritì nìkan ni Zamalek ti Íjíbítì fi borí wọn. Àwọn tó ti dàgbà nínú líìgì àtijọ́ ló ṣì ń gbé e.

Láàárín àsìkò yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí. Nàìjíríà lọ sí Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, a gba àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996, gbogbo Yúróòpù sì mọ̀ wá. Lọ́dún 1995, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹjọ́ Bosman, àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ka ọmọ orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn mọ́ àjèjì mọ́. Àyè tí wọ́n ti ń fi sílẹ̀ fún àjèjì wá ṣófo, ọmọ Áfíríkà ni wọ́n fi ń dí i, ó sì di pé kí wọ́n máa wá a ní kékeré.

Síbẹ̀ Enyimba ti Aba gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó ga jù ní Áfíríkà lọ́dún 2003, wọ́n tún gbà á lọ́dún 2004. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àṣekágbá ti 2004, ní Àbújá, tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹnáritì pẹ̀lú Étoile du Sahel ti Tùnísíà, wọ́n yọ Vincent Enyeama kúrò nílé, aṣọ́lé tó ti fúnra rẹ̀ gbá pẹnáritì wọlé lọ́jọ́ náà, wọ́n fi Délé Aiyenugba rọ́pò rẹ̀, Enyimba sì borí. Ẹgbẹ́ tó ní aṣọ́lé méjì tó gbó tó bẹ́ẹ̀, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ní ìṣẹ́jú tó le jù lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó tún gba ife yẹn.

Bí ẹ bá jókòó wo ìdíje líìgì wa lónìí, ẹ fojú sí àárín pápá. Àwọn ọmọ náà yára, ẹsẹ̀ wọn mọ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì nígboyà. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ wọn bá ti gbá ọ̀kan wọlé, kò sí ẹni tí yóò tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tí yóò wo ọ̀tún wo òsì, tí yóò sì mú kí eré rọ̀. Bọ́ọ̀lù á máa fò lókè láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ẹni ọdún 26 tàbí 28 ló máa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ó sì ti lọ. Lọ́dún 2013, Stephen Keshi mú agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà láti inú líìgì ilé lọ sí ìdíje ife Áfíríkà, ọ̀kan nínú wọn, Sunday Mba, ló sì gbá góòlù tó fún wa ní ife náà. Kò pẹ́ tí Mba fi bọ́ sí ilẹ̀ Faransé, tí Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars sì bọ́ sí Tọ́kì.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ní Zanzibar, nínú ìdíje CHAN tó wà fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé nìkan, Sudan na wa ní ayò mẹ́rin sódo. Ogun ń jà ní Sudan, àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọn méjèèjì sì ti lọ gbá líìgì ní Mauritania kí wọ́n má bàa tú ká. Ohun tí wọ́n ní tí a kò ní ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù kan náà ti wà pa pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà tó mú inú mi dùn. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ aládàáni tí Kúnlé Ṣónámẹ̀ dá sílẹ̀, gba líìgì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ife náà padà sí ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà tí Julius Berger ti gbà á lọ́dún 2000. Wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ dàgbà, Daniel Ogunmodede tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n jáde sí Áfíríkà, Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà ló lé wọn padà. Líìgì Gúúsù Áfíríkà yẹn kan náà ni Stanley Nwabali, aṣọ́lé Super Eagles, lọ nígbà tó fi líìgì wa sílẹ̀, kì í sì í ṣe Sundowns ló mú un. Chippa United ni, ẹgbẹ́ tí kò gba líìgì ibẹ̀ rí.